Bí Àgbà Bá Ṣubú, A Wo Ẹ̀yìn: Lámèyítọ́ lórí Wíwá Orísun Ìfàsẹ́yìn nínú Àwọn Ẹ̀dà Àtijọ́ Ètò Àfarawé Oníṣirò

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé ẹni tí ó gbọ́n kì í dìde kúrò ní ibi tí ó ṣubú sí láìwo ohun tí ó gbé e ṣubú. Láàárín àwọn tí ó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò, wíwo ẹ̀yìn báyìí ti di ọgbọ́n tí ó ní ìlànà tirẹ̀. Bí ètò kọ̀ǹpútà kan bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀, tí a ṣe àtúnṣe sí i, tí ìdáhùn rẹ̀ sì wá burú ju ti àtijọ́ lọ, ìfàsẹ́yìn ni irú àléébù bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ó ni iṣẹ́ náà yóò kó àwọn ẹ̀dà àtijọ́ jáde, wọn yóò máa dán wọn wò, títí wọn yóò fi rí àtúnṣe náà gan-an tí ó mú ìyípadà wá.

Ète bébà yìí ni láti gbé ọgbọ́n náà yẹ̀wò bí ó ti kan ètò àfarawé oníṣirò, ìyẹn ètò tí ó ń fi ìṣirò ṣe àfarawé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ayé: bí òjò ṣe ń rọ̀, bí odò ṣe ń ṣàn, bí ooru ṣe ń tàn kálẹ̀ nínú ilẹ̀. Kì í ṣe pé ọgbọ́n náà kò dára. Ohun tí bébà yìí ń sọ ni pé ìgbà tí ìdáhùn yí padà ni wíwo ẹ̀yìn lè fi hàn. Kò lè fi ìgbà tí ìdáhùn di àṣìṣe hàn, àfi bí ẹlẹ́rìí kan bá wà ní ìta ètò náà tí a lè fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Àpẹẹrẹ tí a mú lò ni Agbabu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó, nítorí pé ibẹ̀ jẹ́ ibi tí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n.

2.0 Agbabu gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Ọ̀rẹ̀ ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó. Àwọn arìnrìn-àjò mọ̀ ọ́n sí oríta ńlá lójú ọ̀nà Èkó sí Benin; àwọn tí ó gbọ́njú nígbà ogun abẹ́lé sì mọ̀ ọ́n sí ibi tí a ti dá àwọn ọmọ ogun Biafra dúró ní 1967. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ni àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ fi mọ agbègbè náà. Ní Agbabu, létí odò Olúwa, bítúmẹ̀nì, ìyẹn ọ̀dà dúdú kíki, wà nínú yanrìn abẹ́ ilẹ̀, ó sì máa ń sun jáde fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation ti ń gbẹ́ ilẹ̀ agbègbè náà wò kí ogun 1914 tó dá iṣẹ́ wọn dúró. Láàárín 1974 sí 1980, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀, tí a sọ di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987, tún ṣe ìwádìí lórí rẹ̀. Síbẹ̀, jálẹ̀ ọ̀rúndún ogún, kò sí ẹni tí ó wa bítúmẹ̀nì náà jáde ní ìwọ̀n òwò ńlá.

Bítúmẹ̀nì kì í ṣàn bí epo rọ̀bì. Níbi tí kò bá jìn, a lè wú yanrìn rẹ̀ bí a ti ń wú òkúta. Níbi tí ó bá jìn, ọ̀nà kan ni kí a máa ti oru omi gbígbóná sí abẹ́ ilẹ̀ kí ọ̀dà náà lè yọ́, kí ó sì ṣàn wá sínú kànga. Ní Kánádà, Roger Butler àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ ìṣirò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ jáde ní 1981. Kí ẹnikẹ́ni tó ná owó lórí kànga, kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ rẹ̀. Ètò àfarawé yóò pín abẹ́ ilẹ̀ sí àpótí kéékèèké, yóò fún àpótí kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ooru, ìwọ̀n omi àti ìwọ̀n ọ̀dà tirẹ̀, yóò sì máa ṣírò láti ìgbà dé ìgbà ohun tí àpótí kan ń fún èkejì.

Ohun tí ìdáhùn náà dá lé lórí kì í ṣe eré. Bí ètò bá sọ pé ooru kò ní í kọjá ibi kan, ibẹ̀ ni a óò ti fa ààlà sílẹ̀ láàárín iṣẹ́ kànga àti oko kòkó, oko ọ̀pẹ, tàbí kànga omi mímu. Bí ààlà náà bá sún sẹ́yìn tàbí síwájú nítorí pé a ṣe àtúnṣe sí ètò, ẹni tí ó ni oko kò ní í mọ̀ pé àtúnṣe kankan wáyé. Kò sí ibi tí a ti lè fi ẹ̀dà ètò hàn án. Nítorí náà, àwọn tí ó ń tọ́jú ètò ni ọ̀ràn náà wà lọ́rùn wọn.

3.0 Ọgbọ́n ìpín-sí-méjì

Ọgbọ́n tí ó gbajúmọ̀ jù fún wíwá orísun ìfàsẹ́yìn ni ìpín-sí-méjì. Kí a sọ pé àtúnṣe 1000 ni ó wà láàárín ẹ̀dà tí ó dára àti ẹ̀dà tí kò dára. A óò gbé ẹ̀dà tí ó wà ní àárín jáde, a óò dán an wò. Bí ó bá dára, ẹ̀bi wà lára àwọn 500 tí ó kẹ́yìn. Bí kò bá dára, ẹ̀bi wà lára àwọn 500 àkọ́kọ́. A óò tún pín ìdajì náà sí méjì, títí yóò fi ku ẹyọ kan. Ìdánwò 10 péré ni yóò tó. Bí ìdánwò kọ̀ọ̀kan bá gba wákàtí 6, wákàtí 60 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ méjì àbọ̀. Ẹni tí ó bá dán gbogbo 1000 wò ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé yóò lo wákàtí 6000, tí í ṣe 250 ọjọ́.

Ní 1997, Brian Ness àti Viet Ngo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń lo irú ọgbọ́n yìí ní Cray Research, ilé-iṣẹ́ tí ó ń ṣe kọ̀ǹpútà ńláńlá fún ìṣirò. Wọ́n to àwọn àtúnṣe tẹ̀lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, wọ́n sì ń gé okùn náà sí méjì. Ní 1999, Andreas Zeller ní Jámánì fi hàn pé ìtò náà kì í rọrùn bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ó tọ́ka sí ìṣòro mẹ́ta: àtúnṣe méjì lè jùmọ̀ dá ẹ̀ṣẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn kò lè dá, ẹ̀dà tí a gbé jáde láàárín lè má ṣiṣẹ́ rárá, débi tí a kò fi ní í lè sọ pé ó dára tàbí pé kò dára, àtúnṣe ẹyọ kan sì lè tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí rírí i kò fi ní í là wá lójú. Ó gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí ó lè pín àwọn àtúnṣe wẹ́wẹ́, kí ó sì dán oríṣiríṣi àkójọ wọn wò. Nígbà tí Linus Torvalds dá Git sílẹ̀ ní 2005 fún títọ́jú àwọn ẹ̀dà ètò, kò pẹ́ tí àṣẹ ìpín-sí-méjì fi di ara rẹ̀, ọgbọ́n náà sì bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ayé.

Iyì àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí kò kéré. Wọ́n mú kí ìwádìí tí ó ti jẹ́ àfojúsùn lásán di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe. Wọ́n sì gba ènìyàn lọ́wọ́ ẹ̀sùn èké, nítorí pé kí ìlànà yìí tó dé, àtúnṣe tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni gbogbo ọwọ́ máa ń nà sí. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí ó ti wà nílẹ̀ pé ìdánwò kan wà tí ó lè sọ "ó dára" tàbí "kò dára". Níbi tí ètò bá ti ń ṣubú lulẹ̀ pátápátá, irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ rọrùn. Níbi tí ìdáhùn bá jẹ́ iye, tí iye náà sì yí díẹ̀, kò rọrùn rárá.

4.0 Ìyàtọ̀ kì í ṣe àṣìṣe

Kókó àkọ́kọ́ tí àwọn oníwádìí ìfàsẹ́yìn máa ń fojú fò ni pé kọ̀ǹpútà kì í ṣe ìṣirò bí a ti ń ṣe é lórí pátákó. Iye àyè tí ó ní fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ní òpin. Kí a wo kọ̀ǹpútà àfinúrò kan tí kò lè rántí ju òǹkà mẹ́rin lọ. Bí a bá ní kí ó ro 0.4 pọ̀ mọ́ 1000, yóò rí 1000.4, ṣùgbọ́n 1000 ni yóò kọ sílẹ̀. Bí a bá tún ní kí ó ro 0.4 mìíràn mọ́ ọn, 1000 náà ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ́kọ́ ro 0.4 méjèèjì pọ̀, yóò rí 0.8, bí ó bá wá ro 0.8 mọ́ 1000, yóò rí 1000.8, yóò sì kọ 1001. Nọ́ńbà kan náà, ìṣirò kan náà, ìdáhùn méjì. Àyè kọ̀ǹpútà òde òní pọ̀ ju òǹkà mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n òfin náà kò yí padà.

Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹnì kan bá kàn tún ìlà ètò tò kí ó lè yára sí i, tàbí bí a bá pààrọ̀ ètò tí ó ń sọ ọ̀rọ̀ akọ̀wé-ètò di ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ gbọ́, àwọn òǹkà ìparí lè yí padà láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀. Bí ìdánwò bá sì béèrè pé kí ẹ̀dà tuntun bá ẹ̀dà àtijọ́ mu láti òǹkà àkọ́kọ́ dé ti ìkẹyìn, ìpín-sí-méjì yóò fi ìyára lọ mú aláìṣẹ̀.

Nínú àwọn ètò kan, ìyàtọ̀ kékeré yìí kì í dúró ní kékeré. Ní 1961, Edward Lorenz ní Amẹ́ríkà fẹ́ tún ìṣirò ojú ọjọ́ kan ṣe láti àárín. Ó tẹ 0.506 sínú ẹ̀rọ dípò 0.506127 tí ó wà nínú rẹ̀. Ètò kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni, kò sì sí àtúnṣe kankan. Síbẹ̀ ìdáhùn kejì bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ti àkọ́kọ́ títí wọn kò fi jọ ara wọn mọ́. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, bíbéèrè pé kí ẹ̀dà méjì dọ́gba dàbí ìgbà tí a bá ní kí òjò ọdún yìí kán sórí ewé tí ti èṣí kán sí. Ohun tí ó tọ́ láti béèrè ni bóyá ìwà àwọn ìdáhùn náà lápapọ̀ kò yí padà: bóyá ìwọ̀n òjò, ìgbà tí ó ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí ó ń dáwọ́ dúró ṣì wà láàárín ààlà tí ọ̀pọ̀ ìṣirò ẹ̀dà àtijọ́ fi lélẹ̀. Àwọn tí ó ń tọ́jú ètò ojú ọjọ́ ńláńlá ní ibùdó NCAR ní Amẹ́ríkà gba ọ̀nà yìí nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015. Wọn kò fi ẹyọ ìdáhùn kan díwọ̀n ẹ̀dà tuntun; agbo ìdáhùn ni wọ́n fi díwọ̀n rẹ̀.

5.0 Ibi tí a bá a kì í ṣe ibi tí ẹ̀bi wà

Kókó kejì ni pé rírí ìlà tí ó mú ìyípadà wá kì í ṣe ìdájọ́. Àpẹẹrẹ tí Zeller fúnra rẹ̀ lò ní 1999 ni ó fi èyí hàn jù. Ètò GDB ni a fi ń wá àléébù inú ètò mìíràn. DDD jẹ́ ojú tí ó ń bá GDB sọ̀rọ̀. Nígbà tí GDB kúrò ní ẹ̀dà 4.16 bọ́ sí 4.17, ìlà 178,000 ni ó yí padà, DDD kò sì lè fi ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ránṣẹ́ sí ètò tí a ń yẹ̀ wò mọ́. Ìlànà Zeller fọ́ gbogbo rẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì mú àtúnṣe kan ṣoṣo jáde. Kí ni àtúnṣe náà? Ẹnì kan tún gbólóhùn àlàyé kan kọ kí ó lè yé ènìyàn dáadáa. DDD ti ń fetí sí gbólóhùn ti àtijọ́ láti mọ ohun tí GDB ń sọ. Nígbà tí gbólóhùn náà yí padà, ó di adití.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ẹni tí ó tún gbólóhùn kọ kò ba ìṣirò kankan jẹ́. Ẹni tí ó kọ DDD ni ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lé orí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣèlérí fún un. Ìlànà náà tọ́ka sí ibi tí okùn ti já, ó sì tọ́ka síbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó so okùn náà sí ibi tí kò yẹ kò sí nínú àwọn ẹ̀dà tí a yẹ̀ wò. Nínú ọ̀ràn ẹjọ́, a kì í tìtorí pé a bá ènìyàn níbi ìjà kí a sọ pé òun ni ó dá ìjà sílẹ̀.

Àpẹẹrẹ mìíràn wúwo ju èyí lọ. Ní 25 oṣù kejì, 1991, ohun ìjà Patriot tí ó yẹ kí ó dáàbò bo àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní Dhahran, Saudi Arabia, kùnà láti rí àdó olóró tí ń bọ̀, ọmọ ogun 28 sì kú. Ẹ̀rọ rẹ̀ ń ka àkókò ní ìdámẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè kọ ìdámẹ́wàá tán nínú òǹkà oní-méjì tí kọ̀ǹpútà ń lò. Lẹ́yìn wákàtí 100 tí ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, àṣìṣe àkókò rẹ̀ ti tó nǹkan bí 0.34 ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí Robert Skeel gbé ọ̀ràn náà yẹ̀wò ní 1992, ó fi hàn pé a ti ṣe àtúnṣe tí ó mú ìṣirò àkókò péye sí i, ṣùgbọ́n a kò fi í sí gbogbo ibi tí ó yẹ. Àṣìṣe tí ó ti ń pa ara rẹ́ nígbà tí ó wà ní ibi méjèèjì kò lè pa ara rẹ́ mọ́. Bí ẹnì kan bá lo ìpín-sí-méjì lórí irú ètò bẹ́ẹ̀, àtúnṣe tí ó dára ni yóò mú bí ọ̀daràn. Bí ó bá sì yọ ọ́ kúrò, àṣìṣe àtijọ́ ni ó padà sí.

6.0 Àtijọ́ kì í ṣe òtítọ́

Kókó kẹta ni ìgbàgbọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà "ìfàsẹ́yìn" fúnra rẹ̀, pé ibi tí a ti ń bọ̀ sàn ju ibi tí a dé lọ. Kí a padà sí Agbabu, kí a sì fi àpẹẹrẹ àfinúrò wo ọ̀rọ̀ náà. Bí ẹ̀dà àtijọ́ bá sọ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ooru yóò ti rin mítà 40 láti ìdí kànga, tí ẹ̀dà tuntun sì sọ pé mítà 34 ni, ohun mẹ́ta ni ó lè fà á. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ṣi òṣùwọ̀n ooru kan lò nínú ẹ̀dà tuntun. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀dà àtijọ́ kò ka ooru tí ó ń sá lọ sínú àpáta tí ó wà lókè àti nísàlẹ̀ yanrìn náà dáadáa, tí ẹ̀dà tuntun sì wá kà á bí ó ti yẹ. Ó sì lè jẹ́ pé kò sí èyí tí ó tọ́ nínú méjèèjì, nítorí pé àpótí tí a pín ilẹ̀ sí tóbi jù. Ìpín-sí-méjì yóò mú àtúnṣe kan ṣoṣo jáde nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀rọ̀ tí yóò sì sọ kò ní í yàtọ̀.

Ó tún kù. Ètò lè di àṣìṣe láìsí pé ìlà kan yí padà nínú rẹ̀. Ní 4 oṣù kẹfà, 1996, àgbá òfúrufú Ariane 5 fọ́ ní ojú sánmà kí ó tó pé ìṣẹ́jú kan tí ó gbéra. Apá ètò tí ó fà á ti ṣiṣẹ́ láìlábùkù lórí Ariane 4. Ṣùgbọ́n Ariane 5 sáré ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, nọ́ńbà kan sì tóbi ju àyè tí a pèsè fún un. Ẹni tí ó bá kó gbogbo ẹ̀dà apá ètò náà jáde, tí ó pín wọn sí méjì títí, kò ní í rí ohunkóhun, nítorí pé ètò kò yí; ayé tí a gbé e lọ ni ó yí. Irú èyí ni ó yẹ kí ó máa ba ẹni lẹ́rù nígbà tí a bá gbé ètò tí a dán wò lórí yanrìn Kánádà wá sórí yanrìn Odìgbó.

Àwọn kan lè dá bébà yìí lóhùn pé ìpín-sí-méjì kò fìgbà kan sọ pé òun jẹ́ adájọ́. Ọ̀dẹ lásán ni, ẹni tí ó rán an ni ó yẹ kí ó mọ ẹran tí ó ń wá. Òótọ́ ni, ìdí sì nìyí tí a kò fi lè dá Zeller tàbí àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ tí kì í padà lọ́wọ́ òfo máa ń sọ ẹni tí ó rán an di ọ̀lẹ. Nítorí pé ìdánwò 10 péré ni ó gbà, tí ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ ẹyọ kan tí ó ṣe é tọ́ka sí, ó rọrùn láti gbàgbé pé ìbéèrè tí ó ṣòro jù ti di ohun tí a gbójú fò kí ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀.

7.0 Ta ni ẹlẹ́rìí?

Nínú ọjà, bí iyèméjì bá wà lórí kóńgò tí a fi ń wọn gààrí, a kì í fi í wé kóńgò kejì tí ó jáde láti ọwọ́ oníṣòwò kan náà. A óò wá èyí tí gbogbo ọjà fọwọ́ sí. Ètò àfarawé náà nílò kóńgò báyìí, mẹ́ta sì ni ó wà.

Èkínní ni ìṣòro tí a lè fi ọwọ́ ṣírò. Ní 1942, Buckley àti Leverett fi ìṣirò hàn bí omi ṣe ń lé epo nínú yanrìn tí ó gùn gbọọrọ. Ní 1959, Marx àti Langenheim ṣe irú rẹ̀ fún ooru: bí a bá mọ ìwọ̀n ooru tí a ń tì wọlé, tí a sì mọ bí yanrìn náà ṣe nípọn tó, a lè ṣírò bí ilẹ̀ tí ó gbóná yóò ṣe fẹ̀ tó lẹ́yìn àkókò kan, pẹ̀lú ooru tí ó ń sá lọ sókè àti sísàlẹ̀. Ilẹ̀ inú ìṣirò náà rọrùn ju ilẹ̀ tòótọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó tó láti ṣe ìdájọ́ láàárín mítà 40 àti mítà 34. A óò fún ẹ̀dà méjèèjì ní ilẹ̀ tí ó rọrùn náà, èyí tí ó bá jìnnà sí ìdáhùn àfọwọ́ṣe ni ó ní àlàyé í ṣe.

Èkejì ni ìfohùnṣọ̀kan àwọn onímọ̀. Ní àwùjọ àwọn babaláwo, bí ẹnì kan bá ṣi ẹsẹ Ifá kì, àwọn tí ó jókòó tì í yóò dá a dúró, wọn yóò sì tún un ṣe. Ní 1981, Odeh gbé irú àwùjọ báyìí kalẹ̀ fún àwọn ètò àfarawé epo: ìṣòro kan náà, ilé-iṣẹ́ méje, olúkúlùkù pẹ̀lú ètò tirẹ̀. Ní 1987, Aziz, Ramesh àti Woo ṣe é fún ètò oru omi, èyí tí ó kan Agbabu gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn ìdáhùn náà wà nílẹ̀ di òní fún ẹni tí ó bá fẹ́ fi wọn díwọ̀n ètò rẹ̀. Àmọ́ ìfohùnṣọ̀kan náà ní ààlà. Ní 1986, Knight àti Leveson fi ètò 27 tí a kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún iṣẹ́ kan náà ṣe ìdánwò, wọ́n sì rí i pé àwọn ètò náà máa ń ṣìnà pọ̀ ju bí a ti lè retí lọ bí àṣìṣe wọn kò bá kan ara wọn. Bí ó bá ṣe pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ni gbogbo ọmọ awo ti kọ́ ẹsẹ náà, tí ọ̀gá sì ṣì í, kò ní í sí ẹni tí yóò dá ẹnì kankan dúró.

Ẹ̀kẹta ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní Norway, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti pápá Norne ní 1997. Nígbà tí ó yá, a gbé àkọsílẹ̀ iye epo, omi àti gáàsì tí ó jáde láti ibẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníwádìí, àwọn tí ó ń kọ ètò OPM Flow sì ń fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìdánwò wọn. Ẹ̀dà tuntun tí kò bá lè sọ ìtàn Norne bí ó ti ṣẹlẹ̀ yóò dáhùn ìbéèrè. Agbabu kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Àwọn kànga àyẹ̀wò ń sọ ohun tí ó wà nílẹ̀: bí yanrìn ti nípọn tó, bí ọ̀dà ti pọ̀ tó nínú rẹ̀. Wọn kò lè sọ bí ilẹ̀ náà yóò ti ṣe bí ooru bá wọ inú rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹlẹ́rìí tí ó lágbára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò sí ní Odìgbó.

Èyí kò sọ pé kí a pa iṣẹ́ tì. Ó sọ pé ẹrù tí ilẹ̀ kò lè gbé gbọ́dọ̀ bọ́ sórí àwọn ẹlẹ́rìí méjì yòókù, àti sórí àkọsílẹ̀. Ẹ̀dà àtijọ́ tí kò ní àlàyé dàbí kóńgò tí a bá nínú ilé àkúrun: a mọ̀ pé a ti fi wọn nǹkan rí, a kò mọ ohun tí wọ́n gbà pé ó gbà. Ohun tí ó yẹ kí ó bá ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan rìn ni ìdí tí a fi ṣe àtúnṣe, ìdáhùn tí a retí pé yóò yí padà, ìwọ̀n tí yóò fi yí, àti ìdáhùn rẹ̀ sí àwọn ìṣòro àfọwọ́ṣe. Nígbà náà ni ìpín-sí-méjì yóò mú àtúnṣe kan jáde, tí àtúnṣe náà yóò sì lè sọ tẹnu rẹ̀.

8.0 Àgbálọgbábọ̀

Bébà yìí ti gbé ọgbọ́n wíwá orísun ìfàsẹ́yìn yẹ̀wò. Ó ti fi hàn pé ọgbọ́n náà yá, ó sì péye, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó ń dáhùn kéré ju èyí tí a máa ń rò pé ó dáhùn lọ. Ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀dà méjì kì í ṣe àṣìṣe, bí Lorenz ti rí i ní 1961. Ìlà tí a mú kì í ṣe ọ̀daràn dandan, bí GDB àti Patriot ti fi hàn. Ẹ̀dà àtijọ́ kì í sì í ṣe òtítọ́, bí Ariane 5 ti kọ́ ayé.

Níbi tí ìtàn kànga pọ̀ bí ti Norne, ilẹ̀ yóò tú àṣírí ètò tí ó bá purọ́, bí ó tilẹ̀ pẹ́. Ní Agbabu, ètò lè purọ́ fún ìgbà pípẹ́ kí ilẹ̀ tó fèsì, èsì náà sì lè jẹ́ omi kànga tí ó yí àwọ̀ tàbí ọ̀pẹ tí ó rọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi yẹ kí àwọn tí yóò bá lo irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ilẹ̀ Odìgbó kọ́kọ́ béèrè, kí wọ́n tó béèrè ẹ̀dà tí ó tuntun jù, ohun tí a fi díwọ̀n ẹ̀dà náà àti ẹni tí ó dì í mú. Àgbà tí ó ṣubú gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀nà tí ó gbà wá kò bá ní àmì kankan, kì yóò mọ̀ bóyá òkúta ni ó kọ̀ tàbí ọ̀nà ni ó ti ṣì láti ilé.